Orí Keje: Nígbà Tí Arduino Bá Ní Ẹ̀dà Tuntun Ti Dé

Ẹ ṣí Arduino IDE láàárọ̀ láti tún ìlà kan péré ṣe nínú kóòdù oníbàárà, àpótí kékeré kan sì yọ sí igun ìsàlẹ̀: ẹ̀dà tuntun ti wà fún àwọn bọ́ọ̀dù yín, ó ti wà fún àwọn láíbúrárì yín pẹ̀lú. Bọ́tìnì mẹ́ta ló tò síbẹ̀. INSTALL ALL á kó gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. INSTALL MANUALLY á jẹ́ kí ẹ yàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. LATER ní ó di ìgbà mìíràn. Ẹ tẹ LATER. N kò sọ pé kí ẹ má ṣe update láé o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í tẹ INSTALL ALL, bó ti wù kí dátà pọ̀ tó lórí fóònù rẹ̀.

Ẹni tí orí yìí wà fún ni ẹni tó ti kúrò nídìí títan LED, tó ti ní ohun kan níta tí ẹlòmíràn ń lò lójoojúmọ́: ẹ̀rọ ìsàba tó ń mú ẹyin gbóná, ẹ̀rọ tó ń tan pọ́ǹpù nígbà tí táǹkì bá gbẹ, àpótí tó ń ka iye iná tí ilé kan jẹ. Ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lè fi update ṣeré bó ṣe wù ú, kò sẹ́ni tí yóò pè é lóru.

Ohun tí a ń pè ní Arduino lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Mẹ́rin ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń ṣe wọ́n, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ìgbà tí kálukú ń yí padà. Àkọ́kọ́ ni IDE fúnra rẹ̀, ojú ewé tí ẹ ń kọ kóòdù sí. Ìkejì ni core, tí Boards Manager ń gbé wọlé: inú rẹ̀ ni compiler wà, òun ló mọ bí bọ́ọ̀dù yín ṣe rí, òun ló sì ní irinṣẹ́ tó ń ti kóòdù gba wáyà USB wọ inú chip, ìyẹn avrdude fún Uno, esptool fún ESP32. Ìkẹta ni àwọn láíbúrárì. Ìkẹrin ni driver tí Windows fi ń bá chip USB orí bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn update, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yí. Ẹni tó tẹ INSTALL ALL ti pàdánù ìdáhùn rẹ̀.

IDE ni kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí Arduino ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ivrea ní Ítálì ní 2005, Java ni wọ́n fi kọ ọ́, títí dé ẹ̀dà 1.8.19 tó jáde ní December 2021. Ní September 2022 ni 2.0 dé, orí Eclipse Theia ni wọ́n sì gbé e lé. Ó ń parí ọ̀rọ̀ fún yín bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ní debugger fún àwọn bọ́ọ̀dù tó bá gbà á. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà 64-bit ló ń fẹ́, Windows 10 sókè. Láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ṣì ń lo Windows 7 tàbí 32-bit kò lè gbé e. Kò sí ìtìjú nínú 1.8.19. Boards Manager rẹ̀ ń gbé core tuntun wọlé bákan náà, core yìí ló sì ń pinnu irú kóòdù tó máa dé inú chip.

Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀ bí ẹ bá fẹ́ lo 1.8 àti 2 pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan. Fódà kan náà ni àwọn méjèèjì ń kó core sí: Arduino15 lábẹ́ AppData\Local lórí Windows, .arduino15 lórí Linux. Bí ẹ bá ti yí core padà nínú ọ̀kan, ó ti yí nínú èkejì, ẹ má rò pé ẹ ti fi ti àtijọ́ pamọ́ sínú 1.8. Èkejì ni pé 1.8 ní ohun kan tí wọn kò gbé wá sínú 2, ó sì dùn mí díẹ̀. Lórí Windows tàbí Linux, ẹ tú zip 1.8.19, ẹ dá fódà kan tó ń jẹ́ portable sínú rẹ̀, gbogbo core àti láíbúrárì tí ẹ bá gbé wọlé láti ibẹ̀ yóò máa wà nínú fódà náà nìkan. Ẹ lè fi flash gbé odidi rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìná dátà kankan. Core ESP32 nìkan ju gígábáìtì kan lọ bó bá ti tú sórí dísíìkì. Olùkọ́ tó ní ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí lápò.

   

Core ni ọ̀gá wàhálà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó lè ṣe, ẹ wo ESP32, nígbà tí core rẹ̀ kúrò ní 2 bọ́ sí 3.0 ní 2024. Ká ní ẹ̀rọ ìsàba ni ẹ ṣe. Ẹyin adìyẹ ń fẹ́ nǹkan bí 37.5°C fún ọjọ́ 21, fáànù kékeré kan sì ni ẹ fi ń tan ooru náà ká. Pin 18 ni ẹ so fáànù náà mọ́ nípasẹ̀ tíránsístọ̀, kóòdù yín sì rí báyìí:

ledcSetup(0, 5000, 8);
ledcAttachPin(18, 0);
ledcWrite(0, 128);

Ìlà àkọ́kọ́ ní kí channel 0 máa lù ní ìgbà 5000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ìwọ̀n agbára rẹ̀ lọ láti 0 dé 255. Ìlà kejì so channel 0 mọ́ pin 18. Ìlà kẹta ní kí fáànù ṣiṣẹ́ ní ìdajì agbára. Ọdún méjì ló ti ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bọ́ sí core 3, ẹ tẹ Verify, ó sì ní:

'ledcSetup' was not declared in this scope

Ẹ má bínú sí i. Compiler tó pariwo ti ṣe yín lóore. Espressif, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ESP32, ti pa ledcSetup àti ledcAttachPin rẹ́, ledcAttach kan ṣoṣo ló rọ́pò wọn, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá channel tó ṣófo. Ẹ tún un kọ:

ledcAttach(18, 5000, 8);
ledcWrite(0, 128);

Ẹ tẹ Verify, ó gbà. Ẹ tẹ Upload, ó wọlé, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ní "Hard resetting via RTS pin", ẹ sì palẹ̀ mọ́. Fáànù kò yí. Orúkọ ledcWrite kò yí padà, nọ́ńbà méjì ló ń gbà tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà méjì náà ló ń gbà báyìí. Ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ dúró fún ti yí. Tẹ́lẹ̀, channel ni. Nínú core 3, pin ni. Pin 0 ni ẹ ń rán níṣẹ́, èyí tí bọ́tìnì BOOT wà lórí rẹ̀, nígbà tí fáànù jókòó sórí pin 18 láìgbọ́ nǹkan kan. Ohun tó yẹ kí ìlà kejì jẹ́ ni ledcWrite(18, 128). Compiler kò ní ohun tí yóò fi bá yín wí, torí pé 0 àti 18, nọ́ńbà ni méjèèjì. Ẹyin inú ẹ̀rọ ìsàba kò sì mọ̀ pé ẹ̀dà tuntun dé.

Timer náà yí lọ́nà bẹ́ẹ̀. timerBegin(0, 80, true) ti àtijọ́ ń pín 80 MHz sí 80 kí ó lè máa ka mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá. timerBegin(1000000) ni ẹ óò kọ báyìí, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́, ó tán. timerAlarmWrite àti timerAlarmEnable ti di timerAlarm kan ṣoṣo. hallRead ti kú pátápátá, nítorí náà ẹni tó ń fi í mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ṣí gbọ́dọ̀ lọ ra sẹ́ńsọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìwọ̀nyí wà nínú ìwé tí Espressif kọ fún ẹni tó ń ti 2 bọ́ sí 3.0. Kí ẹ kà á tán kí ẹ tó tẹ Install, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Wọn kò ṣe é láti fi yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Core 3.0 jókòó lórí ESP-IDF 5.1 ti Espressif, wọ́n sì ti tún àwọn driver inú rẹ̀ kọ láti ìpìlẹ̀. Bọ́ọ̀dù tuntun bí ESP32-C6 àti ESP32-H2 kò sí nínú 2 rárá, nítorí náà ẹni tó ra C6 kò ní yíyàn. Èrò tèmi ni pé ìgbà tí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ni kí ẹ bọ́ sí 3. Iṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ oníbàárà, kó dúró lórí 2 títí ìdí gidi yóò fi wà.

Nọ́ńbà ẹ̀dà ń sọ̀rọ̀ bí ẹ bá mọ bí a ti ń kà á. Nínú 2.0.17, bí 17 bá di nǹkan mìíràn, àbùkù ni wọ́n tún ṣe. Bí nọ́ńbà àárín bá yí, wọ́n fi nǹkan kún un. Bí nọ́ńbà iwájú bá yí, wọ́n ń sọ fún yín ní gbangba pé kóòdù àtijọ́ lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Kì í ṣe gbogbo olùkọ láíbúrárì ló ń pa òfin yìí mọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà iwájú tó bá yí yẹ kó dá yín dúró ní gbogbo ìgbà.

Ẹ máa wo ìwọ̀n kóòdù pẹ̀lú. Ẹ ṣí Blink, ẹ yan Uno, ẹ tẹ Verify, ẹ ó rí i pé ó gba nǹkan bí 924 báìtì nínú 32256, pé 2048 báìtì sì ni gbogbo RAM tó wà. 32 KB ni ATmega328P ní, bootloader ló gba 512 báìtì níbẹ̀. Kí ẹ tó ṣe update, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì ti iṣẹ́ yín sínú ìwé: iye tí kóòdù gbà àti iye RAM tó lò. Lẹ́yìn update, ẹ tún un tẹ̀ láìfọwọ́ kan ìlà kankan nínú kóòdù. Bí nọ́ńbà bá fò sókè, nǹkan ti yí nísàlẹ̀. Lórí Uno, RAM ni kí ẹ ṣọ́ jù, nítorí pé bí ó bá tán, bọ́ọ̀dù kò ní sọ fún yín, yóò kàn máa tún ara rẹ̀ tàn ní àkókò tí ẹ kò retí.

Ní ti láíbúrárì, ArduinoJson ni àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ti jẹ ìyà rẹ̀. Kóòdù tí ẹ bá rí StaticJsonBuffer nínú rẹ̀, ẹ̀dà 5 ni wọ́n fi kọ ọ́. 6 ló mú StaticJsonDocument àti deserializeJson wá. 7, tó jáde ní January 2024, ní JsonDocument lásán ti tó. Kóòdù 6 ṣì ń gba inú 7 kọjá pẹ̀lú ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n kóòdù 5 kò kọjá nínú èyíkéyìí nínú wọn. 7 sì wúwo ju 6 lọ. Lórí ESP32 ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Lórí Uno, ẹ fi 6 sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Nínú Library Manager, nọ́ńbà ẹ̀dà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Install, ẹ tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ á tò sílẹ̀, ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́.

Àwọn kan máa ń ṣí láíbúrárì fúnra wọn láti yí ìlà kan nínú rẹ̀, bóyá nọ́ńbà pin ti ojú LCD. Lọ́jọ́ tí update bá dé, ìlà yẹn á lọ, kò sì ní kí yín pé ó dìgbà. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kan láíbúrárì, ẹ dà á kọ sínú fódà src nínú iṣẹ́ náà gan-an, kó kúrò lábẹ́ àkóso Library Manager.

Driver àti bootloader kò ní gbà wá lákòókò. Nano àdàkọ tí a ń rà lọ́jà ló sábà máa ń fa ìbéèrè: ẹ tẹ Upload, avrdude bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "not in sync: resp=0x00" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bọ́ọ̀dù kò bàjẹ́. Láti 2018 ni core AVR ti gbà pé bootloader tuntun ló wà nínú Nano, tó ń sọ̀rọ̀ ní 115200, nígbà tí èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ àdàkọ ń sọ ọ́ ní 57600. Ẹ lọ sí Tools, Processor, ẹ yan ATmega328P (Old Bootloader). Ní ti driver, ẹ rántí October 2014, nígbà tí driver tí FTDI, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe chip USB, gbé gba Windows Update sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ inú àwọn chip ayédèrú di òdo, tí kọ̀ǹpútà kò sì dá wọn mọ̀ mọ́. Ariwo pọ̀, wọ́n yọ driver náà kúrò. Bí bọ́ọ̀dù yín bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú driver tó wà nílẹ̀, ẹ má wá tuntun fún un.

Bí àkókò update bá wá tó lóòótọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Sketch, Export Compiled Binary. IDE 2 á dá fódà build sínú iṣẹ́ náà, á kó fáìlì tó wà nínú chip lónìí síbẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀dà core àti ti láíbúrárì kọ̀ọ̀kan sí òkè kóòdù. Ẹ yí core nìkan, ẹ dán an wò. Ẹ wá yí láíbúrárì kan, ẹ tún dán an wò. Bọ́ọ̀dù kejì ni kí ẹ fi ṣe ìdánwò, kì í ṣe ti oníbàárà, kí ó sì ṣiṣẹ́ mọ́jú, torí pé àṣìṣe timer àti ti RAM kì í hàn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí bátìrì láptọ́ọ̀pù kún: bí iná bá lọ nígbà tí core ń tú jáde, ìdajì fáìlì ló kù nílẹ̀, kò sì ní ṣiṣẹ́ títí ẹ óò fi yọ ọ́ tí ẹ ó tún un gbé wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ padà sẹ́yìn, inú Boards Manager náà ni, ẹ yan 2.0.17, ẹ tẹ Install.

Ọ̀nà tó dára ju kíkọ ẹ̀dà sínú ìwé lọ wà fún ẹni tí kò bẹ̀rù láti tẹ àṣẹ. arduino-cli ń ka fáìlì kan tó ń jẹ́ sketch.yaml, inú fódà iṣẹ́ yín ni ẹ ó kọ ọ́ sí:

profiles:
  isaba:
    fqbn: esp32:esp32:esp32
    platforms:
      - platform: esp32:esp32 (2.0.17)
        platform_index_url: https://espressif.github.io/arduino-esp32/package_esp32_index.json
    libraries:
      - ArduinoJson (6.21.3)

Lẹ́yìn náà, arduino-cli compile --profile isaba. Yóò wá 2.0.17 àti 6.21.3 gan-an, yóò kó wọn sí ààyè ọ̀tọ̀, core yòówù tó bá wà nínú IDE kò kàn án. Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ló ń jẹ dátà. Iṣẹ́ kan lè wà lórí 2, òmíràn lórí 3, lórí kọ̀ǹpútà kan náà, láìsí ìjà.

Ìdí kan wà tí kò fi yẹ kí ẹ jókòó sórí ẹ̀dà àtijọ́ títí ayé: ààbò. Nígbà tí àṣírí KRACK tú ní October 2017, tí ó hàn pé WPA2 ti gbogbo Wi-Fi ní ihò, ESP32 àti ESP8266 wà lára àwọn tó nílò àtúnṣe, Espressif sì ṣe é. Ṣùgbọ́n gbígbé core tuntun sórí láptọ́ọ̀pù kò yí ohunkóhun padà nínú àpótí tó wà lára ògiri oníbàárà. Chip náà ṣì ń lo kóòdù ọjọ́ tí ẹ gbé e wọlé. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ Verify lórí core tuntun, kí ẹ sì tún ti kóòdù wọ inú chip kọ̀ọ̀kan, yálà pẹ̀lú wáyà tàbí nípasẹ̀ OTA lórí Wi-Fi.

Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé OTA gbọ́dọ̀ tún wo ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Lórí ESP32 tó ní 4 MB, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ìrántí bí ẹ kò bá yan nǹkan kan fún kóòdù ní ààyè méjì, 1310720 báìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí tuntun lè wọ inú ọ̀kan nígbà tí àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ nínú èkejì. Core 3 ń mú kóòdù sanra ju 2 lọ. Iṣẹ́ tó ní Wi-Fi àti Bluetooth pọ̀, tó ń fún mọ́ra lórí 2, lè kọjá ìwọ̀n yẹn lórí 3. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni kí wọ́n yan Huge APP lábẹ́ Partition Scheme. Verify á gbà á, àmọ́ No OTA ni wọ́n kọ sí ara orúkọ rẹ̀: ààyè kan ṣoṣo ló ní. Bẹ́ẹ̀ OTA kì í yí ìpín ìrántí padà. Bí àpótí náà bá wà lórí òpó, àkàbà àti wáyà USB ló kù. Kí ẹ tó bọ́ sí 3, ẹ tẹ Verify pẹ̀lú ìpín tó wà nínú àpótí tó wà níta gan-an. Bí kò bá gbà á, ẹ yọ Bluetooth tí ẹ kò lò, ẹ dín ojú ewé HTML tí ẹ kọ sínú kóòdù kù, tàbí kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ lórí 2 títí dìgbà tí ẹ ó lè gun òpó náà.